Ẹ Bá Wa Kí Ìyá Rẹ̀

Omi ìrẹsì kò tíì hó tí Kasmirah ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé òun kò fẹ́ rí jẹ́sì pupa yẹn nínú ilé lónìí. Darsono, ọkọ rẹ̀, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó tẹ́ jẹ́sì náà sórí itan, ó ń fi òwú rán abíyá rẹ̀ tó ti ya níbi tó ti máa ń na ọwọ́ sókè darí orin.

"Bàbá Winarti, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́."

"Ọmọ yín gbé oyún oṣù méje. Òní la fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bu omi sí i lórí, kò sẹ́lòmíì. Àna yín ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ wá jókòó, ẹ̀ ń rán jẹ́sì."

"Wíwẹ̀ ò ní gbà ju wákàtí kan lọ. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan ò dí ọ̀kan lọ́wọ́."

"Ọ̀kan ò dí ọ̀kan lọ́wọ́!" Kasmirah da ìrẹsì sínú omi bí ẹni ń da òkúta. "Tambakwulung lẹ fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù, Tambakwulung náà ló ń bọ̀ wá jẹun níbí. Ẹ ní ọ̀kan ò dí ọ̀kan lọ́wọ́."

Ìyá Àgbà Ginem, ìyá Darsono, ló yan ọjọ́. Ọjọ́rú tàbí Sátidé ni wọ́n ń wẹ aboyún olóṣù méje láti ayé àwọn baba wọn, kí òṣùpá má tíì kún. Ìyá Àgbà kà á, ó tún un kà, ó bọ́ sí Sátidé yìí. Ìgbà tí wọ́n ra àgbọn tán, tí wọ́n pe àlùfáà, ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìdíje Kedungrejo, ìlú wọn, àti Tambakwulung kúrò ní Sọ́ńdè wá sí Sátidé. Darsono bẹ ìyá rẹ̀ kó yí ọjọ́ padà. Ìyá Àgbà ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí òṣùpá padà, pé kó lọ bẹ àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí bọ́ọ̀lù.

Tumini, aládùúgbò wọn tó ń ta tófù, wàrà sóyà díndín, ní ẹnu géètì pápá ìṣeré, ti wá bá wọn rẹ́ àgbọn. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ń ṣe ju ọwọ́ lọ.

"Wọ́n ti lẹ̀wé mọ́ géètì o. Pé bí wọ́n bá gbọ́ orin 'ẹ pa wọ́n' lónìí, réfírì á fun fèrè, ó parí. Wọ́n á ti géètì, kò ní sí èrò ìwòran títí sáà á fi tán. Ta ló wá fẹ́ jẹ tófù mi? Ṣé àga òfìfo ló ń jẹ tófù?"

"Kí wọ́n kúkú má kọ orin yẹn mọ́, ṣebí ó tán?" ni Kasmirah wí.

"Ẹ̀yin náà! Orin ni o, kì í ṣe àdá. Ta lorin pa rí?"

Ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó ń da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìkòkò dáwọ́ dúró. Kasmirah fi ẹnu tọ́ka síbẹ̀, ó ń fi ojú bá Tumini wí. Tumini fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Hendro ló ń da omi, ọkọ Winarti, ọmọ Tambakwulung. Kò sẹ́ni tí kò mọ orin náà ní Kedungrejo, ọmọ tí kò tíì mọ Fátíhà mọ̀ ọ́n. Kò gùn. *Ẹ pa wọ́n, ẹ pa wọ́n, ẹ má jẹ́ wọn ó délé. Pandu ò délé mọ́ o, ẹ bá wa kí ìyá rẹ̀.* Pandu ni àbúrò Hendro. Wọ́n lù ú pa lẹ́yìn géètì pápá Kedungrejo lọ́dún tó kọjá nítorí ìborùn aláwọ̀ ewé, àwọ̀ Tambakwulung, tó so mọ́ ọrùn. Ẹni mẹ́ta lọ sẹ́wọ̀n. Orin kò lọ.

Darsono kọ́ ló fi orúkọ Pandu sínú orin. Ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò tilẹ̀ bi í. Òun ni olórí orin, òun ló ń dúró sórí àga irin gíga lọ́jọ́ ìdíje, tí yóò kọ ẹ̀yìn sí pápá, tí yóò kọjú sí èrò. Bí góòlù bá wọlé, ojú àwọn èèyàn ló fi ń mọ̀. Bí wọ́n bá dé orí Pandu, á gbé gbohùngbohùn kúrò lẹ́nu, á máa fi ọwọ́ lásán darí wọn títí wọn á fi kọjá ibẹ̀. "Ẹnu tèmi ò sí níbẹ̀," ló máa ń wí. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́, pé ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin yìí gbọ́ òwe náà dáadáa, ó kàn gbà pé ẹlòmíì ni wọ́n ń pa á fún ni.

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní kí àwọn àna dé, kí àwọn ọmọ ẹlẹ́jẹ́sì pupa tó jáde sí títì. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Ìrẹsì jinná, wọ́n mọ ọ́n ní ṣóńṣó méje sórí atẹ́. Wọ́n gé èso fún rujak, Kasmirah gún ata àti ṣúgà ọ̀pẹ tí wọn yóò fi pò ó. Winarti jókòó lórí ẹní, aṣọ funfun ló ró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Hendro ní itẹ́ òkú ni ìyá òun kọ́kọ́ yà sí, pé wọn kì í dáwọ́ lé ohun ayọ̀ láìsọ fún ẹni tó wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ẹni tó wà nílẹ̀.

Fóònù rẹ̀ dún nígbà tí oòrùn ti ga. Ó gbọ́, ó gbé e kúrò létí.

"Wọ́n ti dé orí afárá," ló wí. "Àwọn ọmọ yẹn ti dí ọ̀nà. Wọ́n ń wo lẹ́tà ara nọ́mbà ọkọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n kan tiwọn."

Lẹ́tà ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni èèyàn ń mọ̀ pé ó yàtọ̀. Gíláàsì ni yóò kọ́kọ́ fọ́, ohun tó bá tẹ̀ lé gíláàsì dọwọ́ Ọlọ́run. Hendro na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀, ó tún fi sílẹ̀, nítorí lẹ́tà yẹn náà ló wà lára alùpùpù. Ó yíjú sí Darsono.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bẹ́ ẹ bá wọ jẹ́sì yẹn débẹ̀, tí wọ́n bá ti rójú yín báyìí, wọ́n á ṣínà."

Òótọ́ ni. Gbogbo ilé mọ̀ pé òótọ́ ni. Kasmirah tí kò fẹ́ rí jẹ́sì láti àárọ̀ mú un nílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Ó yá, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ lọ mú àna yín wá."

Darsono wo jẹ́sì náà, kò gbà á. Fóònù ló mú. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó rò pé òun ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohùn ẹni tó ń pariwo fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kò mọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ mọ́.

"Kocik? Ọkọ̀ kékeré kan ń bọ̀ lórí afárá, aláwọ̀ fàdákà. Ẹ jẹ́ ó kọjá. Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ó dákẹ́. Kocik, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu ìlù ńlá fún un, ló ń bi í ní nǹkan lódì kejì. "Ará ilé mi kẹ̀? Rárá o. Níbo ni mo ti rí ará ilé ní Tambakwulung? Oníbàárà ni. Oníbàárà tí mo ń bá lẹ táyà."

Ó padà wọlé. "Wọ́n ti ń bọ̀," ló wí.

Winarti fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí ẹní, ó gbé ikùn rẹ̀ wọ yàrá, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà.

Ọkọ̀ náà dé, kò ní ojú ọgbẹ́ kankan. Tumini kọ́kọ́ sá jáde lọ yí i po, ó ń fọwọ́ nu ara rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Kò sóhun tó ṣe wọ́n! Ẹ kàn ń da ara yín láàmú." Ìyá Hendro, Lasmini lorúkọ rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú atẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, obìnrin tín-ín-rín tó wé gèlè dúdú. Ó kí Ìyá Àgbà, ó kí Kasmirah, ó gbé ọwọ́ lé ikùn Winarti tó ti jáde wá. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun lómi, òun fẹ́ yọ ẹnu. Ó lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n gbọ́ tó ń yọ ẹnu, tó ń tu ú dànù, tó tún ń yọ ọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Darsono ti rántí nǹkan kan tó gbàgbé sí ìsọ̀ táyà. Kò kí àlejò.

Wiji, àbúrò Lasmini tí wọ́n jọ wá, ló sọ ọ́ nílé ìdáná, lójú Kasmirah, Tumini àti Ìyá Àgbà.

"Wọ́n wo nọ́mbà wa, wọ́n gbé òkúta. Ni ọ̀kan bá ní, 'Ẹ dúró ná, ṣé oníbàárà Ọ̀gá Darsono ni yín?' Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí Hendro ti pè pé ohun tí ká wí nìyẹn. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oníbàárà Ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ orin Ọ̀gá. Pé ká kọ ọ́, ká máa lọ."

"Orin wo?" ni Tumini bi í. Ó mọ̀ ọ́n.

"Ẹnu dírẹ́bà ò ṣí. Èmi ò lè kọ ọ́, ẹ pa mí. Ọ̀kan ti gbé òkúta sókè báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi yí gíláàsì sílẹ̀, ó yọrí, ó kọ ọ́."

"Ó kọ kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un! Wọ́n ní, 'Ìyá yìí gbọ́ orin o!' Wọ́n ṣínà fún wa."

Ọmọ odó dúró lọ́wọ́ Kasmirah. Tumini, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé kùkúńbà tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà nìkan ló sọ̀rọ̀, kò sì gbójú sókè nígbà tó ń sọ ọ́.

"Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá."

Darsono ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà náà. Ó yí padà, ó lọ.

Lọ́sàn-án, àlùfáà ka Súrà Yusufu bí wọ́n ṣe máa ń kà á kí ọmọ inú lè lẹ́wà. Ó ka ibi tí àwọn ọmọ ti ń parọ́ fún baba wọn pé ìkookò ló pa àbúrò wọn jẹ, ó kọjá ibẹ̀ láìdúró, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dúró. Wọ́n mú Winarti jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, òdòdó léfòó nínú omi kànga méje. Darsono mú igbá àgbọn, ó bu omi sí ọmọ rẹ̀ lórí. Apá kan dà sílẹ̀.

Ẹni tó kàn ni ìyá ọkọ. Ó yẹ kí Darsono fi igbá lé e lọ́wọ́. Ó gbé e lé etí ìkòkò, Lasmini sì mú un níbẹ̀.

"Orin yín ò ṣòro, Bàbá Winarti," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ga ju ti omi lọ. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ lórí fóònù tí mo ti mọ̀ ọ́n."

Ó bu omi sí Winarti lórí pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ọmọ náà ń sunkún lábẹ́ omi. Wọ́n jẹ́ kó sunkún.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé aṣọ méje jáde. Wọ́n fi ti àkọ́kọ́ ró o, Ìyá Àgbà pariwo bèèrè pé, "Ṣó yẹ ẹ́?" Àwọn obìnrin dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Kò tíì yẹ!" Wọ́n tú u, wọ́n ró òmíràn. "Ṣó yẹ ẹ́?" "Kò tíì yẹ!" Ìgbà náà ni ìlù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti pápá, oko ìrẹsì kan ṣoṣo ló wà láàrin. Àwọn obìnrin gbé ohùn sókè kí wọ́n má baà gbọ́ ọ. Nígbà tí aṣọ keje yẹ ẹ́ tán, wọ́n gbé àgbọn méjì tí wọ́n ya àwòrán sí wá, ọkùnrin arẹwà lára ọ̀kan, obìnrin arẹwà lára èkejì, kí ìyá méjèèjì gbé wọn bí ọmọ ọwọ́. Lasmini gba ọkùnrin. Wọ́n ní kó gbé e sílẹ̀, ètò ti kọjá ibẹ̀, ó ṣì gbé e dání.

Àpáàdì ni wọ́n fi ń ra rujak lọ́jọ́ yẹn, bí ó ti wà láti ìṣẹ̀ǹbáyé. Kasmirah bù ú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ju àfọ́kù ìkòkò sínú ìṣà rẹ̀ bí owó. Darsono kò rà. Ó ti wọ jẹ́sì, gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣì ń lọ?" ni Kasmirah bi í. Kò pariwo. Ó sàn kó pariwo.

"Bí mi ò bá lọ, Kocik á kọ ọ́ láìsí mi."

"Bẹ́ ẹ bá wá lọ ńkọ́?"

Ìyá Àgbà mú àfọ́kù kan nínú ìṣà, ó ń yí i wò. "Jẹ́ kó lọ," ló wí fún Kasmirah. "Àpáàdì ló tó gbéná."

Àwọn àlejò kò lè padà sílé nígbà tí títì pupa bẹ́ẹ̀. Hendro tan rédíò, ó tún pa á. Lasmini ní òun yóò fọ abọ́, wọ́n ní àlejò kì í fọ abọ́, ó ti ká apá aṣọ sókè. Wọ́n gbọ́ nígbà tí èrò hó. Wọ́n gbọ́ orin kan, wọ́n gbọ́ òmíràn, kò sí ohun tó burú nínú wọn. Ohùn Darsono dún nínú gbohùngbohùn, ó pẹ́ tó ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibòmíì. Ẹ̀rín dún. Lẹ́yìn ẹ̀rín, ìlù.

*Ẹ pa wọ́n, ẹ pa wọ́n, ẹ má jẹ́ wọn ó délé.*

Ọwọ́ Lasmini dúró nínú ọṣẹ. Kasmirah sáré lọ ti fèrèsé, bí ẹni pé pákó lè dá a dúró. Wiji di etí.

*Pandu ò délé mọ́ o...*

Ibẹ̀ ni ìlù ti ṣàṣìṣe. Ó lu ẹ̀ẹ̀kan, ó fo ẹ̀ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ohùn àwọn kan ṣì ń lọ, àwọn kan ti dúró, gbogbo rẹ̀ dàrú bí àwọn ọmọ iléèwé tí olùkọ́ wọn jáde. Fèrè réfírì dún títí. Lẹ́yìn náà, ariwo lásán.

Kò pẹ́ tí Tumini, tó ti gbé tófù rẹ̀ lọ sí pápá, já wọlé, atẹ́ rẹ̀ ṣófo, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá Winarti, ọkọ yín ti bá tèmi jẹ́! Wọ́n ti ti géètì! Ó gorí àga, ó ní ìyá tí wọ́n ní kó kọrin lórí afárá, àna òun ni. Àna òun! Ó ní ìyá Pandu ni, ó wà nílé òun báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń dápàárá. Kocik bá gbé orin. Ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Ó yí padà. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó kọjú sí pápá, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn! Olórí orin! Kò darí wọn mọ́, ìlù ò mọbi tó máa gbà. Ni wọ́n bá ń jù ú ní nǹkan. Tófù mi ni wọ́n ń jù lù ú, pẹ̀lú ata! Wọn ò sì sanwó!"

Ó jókòó sílẹ̀. Nígbà tó rí Lasmini lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó tún fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Darsono dé. Kò sí gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ata tófù ti gbẹ sẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀, ohun mìíràn tó ń rùn ju ata lọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, abíyá tó rán láàárọ̀ ti tún ya. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ilé rẹ̀ ni. Kasmirah wò ó láti òkè délẹ̀.

Lasmini jáde, ó ń nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́?"

"Wọ́n kọ ọ́."

"Dé ibo?"

Ó rò ó. "Dé 'Pandu ò délé mọ́.' Wọn ò kan ìyókù."

"Ìyókù ni tèmi," ni Lasmini wí. Ó jókòó sórí ẹní.

Hendro wo ilẹ̀. Winarti di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Darsono bọ́ bàtà, ó rìn dé orí ẹní, ó kúnlẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó gbé orí lé orúnkún obìnrin náà bí ọmọ ṣe ń ṣe fún ìyá lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, kò tíì fẹsẹ̀ kan Tambakwulung. Kò lọ síbi òkú, kò lọ síbi àdúrà ọjọ́ méje, kò lọ sí ti ogójì.

"Ìyá Pandu," ló wí. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ."

Lasmini wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó dọ̀tí, ó wò ó pẹ́.

"Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé, Bàbá Winarti."

Kò tíì ní kó dìde.